Òṣìṣẹ́ mi kì í mú àbá tuntun wá

Ìbéèrè: Ẹ̀yin àgbà iṣẹ́, òṣìṣẹ́ mẹ́fà ni mo ní ní ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ mi, ṣùgbọ́n èmi nìkan ni mo ń dá àrà tuntun. Kí ni kí n ṣe?

Ìdáhùn kìíní: Ní ilé-iṣẹ́ 3M ní Amẹ́ríkà, Spencer Silver ṣe gọ́ọ̀mù kan lọ́dún 1968 tí kò lẹ̀ dáadáa, kò fi í pamọ́, ó ń ṣàlàyé rẹ̀ fún àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, títí Art Fry, ọ̀kan nínú wọn, tí bébà tó fi ń sàmì sí ìwé orin rẹ̀ máa ń já bọ́, fi rántí gọ́ọ̀mù náà. Báyìí ni Post-it, bébà kékeré tó ń lẹ̀ mọ́ nǹkan tó sì ṣeé ṣí kúrò, ṣe wáyé.

Ìdáhùn kejì: Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ kì í gé aṣọ olówó ńlá kí kálukú tó sọ bí òun ì bá ṣe gé e, ọmọ tó kéré jù ló sì ń kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Nígbà tí ọmọṣẹ́ yín bá dábàá, ta ló ń rẹ́rìn-ín?

Oníbèéèrè: Ẹ ṣeun, mà. Èmi náà ni.