"Ìtẹ̀síapákan-àfojúrí" kọ́ o, ègbè ni

Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́.

Mo ti fẹ́ dákẹ́, ṣùgbọ́n ọjọ́ kẹrin rèé tí mo ń ka "ìtẹ̀síapákan-àfojúrí àwọn oníròyìn" níbí, tí ẹnikẹ́ni ò sì bá ẹni tó hun ún wí. Fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé: àbúrò wa kan ní Houston ló ń túmọ̀ ìwé pélébé kan fún àwọn olùdìbò. Ó ń wá ohun tí a ó máa pè é bí aráàlú bá gbà pé rédíò tàbí ìwé ìròyìn ń ṣe ti ẹgbẹ́ òṣèlú kan, èyí tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní "perceived media bias". Ohun tó bí nìyẹn. Ọ̀gá wa ní Ìlọrin sì fèsì pé "ó dára púpọ̀".

Kò dára, ẹ̀gbọ́n. Ẹ foríjì mí.

Kí ló ń tẹ̀ sí apá kan nílẹ̀ Yorùbá? Ọ̀pẹ tí ìjì ti bá jà. Ògiri tí òjò ti jẹ nídìí. Bí ọmọdé bá ru omi tí kò gún lórí rẹ̀, a ó ní ó fì sápá kan. Ọ̀rọ̀ ẹnu kì í tẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì ló ń fi igi tó tẹ̀ sọ ọ̀rọ̀ ọkàn èèyàn, àwa náà wá hú igi ọ̀hún wálé tewé-tegbò. Gbogbo ìgbà tí àwọn bàbá wa ń sọ ìtàn ọlọ́pẹ (ẹgbẹ́ Awólọ́wọ̀) àti Dẹ́mọ (ẹgbẹ́ Akíntọ́lá) fún wa, ìtàn ìbò 1965, mi ò gbọ́ kí ẹnì kan ní rédíò tẹ̀. Wọ́n á ní, "Rédíò Ìbàdàn ń gbè wọ́n." Ó parí.

Gbè! Òun náà ló wà nínú "Òrìṣà, bí o ò lè gbè mí, ṣe mí bí o ti bá mi." Ohùn ìsàlẹ̀ ni, ó ń di ohùn àárín bí ọ̀rọ̀ orúkọ bá tẹ̀ lé e: elégbè gbe orin, orí gbe Òjó. Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ "gbé" sí i lọ́sẹ̀ tó kọjá, ẹrù lẹ gbé. Láti ara gbè la ti rí ègbè, bí a ti rí èrò lára rò, tí a rí ètò lára tò. È- ni o, kì í ṣe ì-. Ẹni tó dábàá "ìgbè ìròyìn", kó fi fóònù tí kò ní àmì ohùn kọ ọ́ ránṣẹ́ sí ìyá rẹ̀, kó wá sọ fún wa ohun tí ìyá kà. Ẹ̀gbọ́n ní bí àmì bá ṣì, ègbè náà á di ègbé. Ìyẹn kò bí mi nínú. Àwọn ilé iṣẹ́ ìròyìn kan wà tí ègbé tọ́ sí.

Ohun tó mú kí n fẹ́ràn ègbè ju ojúṣàájú lọ ni orin tó wà nínú rẹ̀. Ojúṣàájú, adájọ́ ló ń ṣe é, bàbá ọlọ́mọ púpọ̀ ló ń ṣe é. Ní ti ègbè, ẹlòmíì ló dá orin, ìwọ gbè é. Ẹ wo Tribune tí Awólọ́wọ̀ dá sílẹ̀ ní 1949, ẹ wo Concord tí Abíọ́lá dá sílẹ̀ ní 1980 nígbà tó ṣì wà nínú NPN, ẹgbẹ́ tó ń ṣèjọba àpapọ̀ nígbà náà. Ta ló retí kí wọ́n jókòó bí adájọ́? Elégbè ni wọ́n, gbogbo ìlú sì mọ ẹni tó ń dá orin. Ti ìjọba ló yàtọ̀, nítorí owó gbogbo wa ni. Òfin ìdìbò tí Nàìjíríà ṣe ní 2022 sọ ọ́ ní apá 95 pé ìjọba ò gbọdọ̀ fi ilé iṣẹ́ ìròyìn rẹ̀ gbe ẹgbẹ́ kan tàbí kó fi pa òmíràn lára. Ẹ tún un kà: gbe ẹgbẹ́ kan. Ṣé ẹ rí bó ṣe jókòó síbẹ̀ wẹ́rẹ́?

Ẹnì kan wá kọ̀wé (mi ò ní dárúkọ) pé gbè kan náà ló wà nínú asọ̀rọ̀mágbèsì. Háà! Gba èsì nìyẹn! Ẹ bu ọlá fún àwọn àgbà tó sọ rédíò lórúkọ: ó ń sọ tirẹ̀, kò gbọ́ tìẹ. Ẹni tó bá wù yín kẹ́ ẹ lò "àfojúrí" fún, Awólọ́wọ̀ ni. Ní 1953, Macpherson, gómìnà tí Gẹ̀ẹ́sì fi sórí Nàìjíríà, bọ́ sórí rédíò, ó bá àwọn aṣáájú Ẹgbẹ́ Ọlọ́pẹ wí, Awólọ́wọ̀ ní òun fẹ́ fèsì níbẹ̀, wọn ò gbà fún un. Ọ̀rọ̀ ọ̀hún wà lára ohun tó bí WNTV, ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Ìbàdàn ní oṣù Kẹwàá 1959.

Àfojúrí yẹn gan-an ló dùn mí jù. Bí mo bá ní mo fojú rí nǹkan, mo ti di ẹlẹ́rìí. Ohun tí àbúrò wa ń wá ni èyí téèyàn gbà pé òun rí, bóyá ó wà bóyá kò sí. Ní 1983, ilé wa wà ní Ọ̀wọ̀. Ti Awólọ́wọ̀ ni bàbá mi ń ṣe, àbúrò ìyá mi ń ṣe NPN. Rédíò kan ṣoṣo ló wà nílé, ìyá mi rán ẹ̀wù àdìrẹ fún un, a sì máa ń sá bátìrì rẹ̀ sóòrùn kó lè tún dún díẹ̀ sí i. Bí ìròyìn alẹ́ bá ti bẹ̀rẹ̀, bàbá mi á pòṣé: "Ẹ gbọ́ bí wọ́n ṣe ń gbè wọ́n!" Búọ̀dá á fò dìde: "Àwọn wo? Ẹ̀yin gan-an ni wọ́n ń gbè!" Gbólóhùn kan náà, láti ẹnu asọ̀ròyìn kan náà. Ní 1985, àwọn olùwádìí mẹ́ta ní Yunifásítì Stanford ní Amẹ́ríkà, Vallone, Ross àti Lepper, gbé irú rẹ̀ jáde: wọ́n fi ìròyìn tẹlifíṣọ̀n lórí ìpakúpa Beirut ti 1982 han àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń ṣe ti Ísírẹ́lì àti àwọn tó ń ṣe ti Lárúbáwá, ìhà méjèèjì ló ní ọ̀tá àwọn ni ìròyìn náà ń gbè. Wọn ì bá wá sí Ọ̀wọ̀.

Nígbà tí wọ́n wá kéde ní oṣù Kẹjọ 1983 pé Ọmọ́boríowó ti NPN ló wọlé gómìnà Oǹdó, ta ló dúró kí asọ̀rọ̀mágbèsì parí ọ̀rọ̀? Ìlú gbiná. Ilé ẹjọ́ padà dá Ajáṣin ti ẹgbẹ́ Awólọ́wọ̀ láre, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ sì fọwọ́ sí i. Ìfura àwọn èèyàn bọ́ sí òótọ́ lọ́jọ́ yẹn, ṣùgbọ́n ó ti wà lọ́kàn wọn tipẹ́ kí ìbò tó dé. Láti ìgbà náà, bàbá mi ò gba rédíò ìjọba àpapọ̀ gbọ́ mọ́, títí kan bí wọ́n bá ní òjò máa rọ̀.

Nítorí náà, àbúrò mi, kọ "ìfura ègbè" sínú ìwé rẹ. Bí ó bá sì jẹ́ inú gbólóhùn ni, má wulẹ̀ wá ọ̀rọ̀ orúkọ kankan. Kọ ọ́ pé "bí o bá fura pé rédíò kan ń gbè wọ́n". Ìyá àgbà tó ń lọ tẹ̀ka ní Ìkàrẹ́ á gbọ́ ọ.

Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi kọ́ àwọn ọmọ ní Yorùbá, nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má bi mí pé ta ló fún mi láṣẹ. Ní ti bóyá ojúsàájú ni tàbí ojúṣàájú, mi ò tíì jáwọ́. Ṣà ló wà nínú rẹ̀, bí ẹni ń ṣa ẹ̀wà. Ẹ̀gbọ́n ní irọ́ ni, àmọ́ kí ẹ̀gbọ́n tún ìwé wọn ti Ọjọ́bọ̀ wò: ọ̀nà méjèèjì ni wọ́n fi kọ ọ́ nínú ìpínrọ̀ kan ṣoṣo.