Mọ́tò dúdú tó di ẹtù

Ará Ìrèmọ, Ilé-Ifẹ̀:

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ọ̀rọ̀ àmì funfun tí omi máa ń fi sára mọ́tò ni mo gbé dé. Kí oníkálukú sọ ohun tí ojú rẹ̀ rí. Èmi ni mo dá a sílẹ̀, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ ka tèmi.

Corolla dúdú ni mo ń wà. Lọ́dún tó kọjá, a gbẹ́ bọ̀hóòlù sí àgbàlá wa, wọ́n sì gbé táǹkì sókè lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí mo máa ń gbé mọ́tò sí. Bí ẹnikẹ́ni bá ti tan ẹ̀rọ tó gbàgbé láti pa á (àwọn ọmọ ilé wa mọ iṣẹ́ yẹn ju ìwé wọn lọ), omi á kún dẹ́nu, á máa dà, atẹ́gùn á sì máa fọ́n ọn sára mọ́tò. Oòrùn ọ̀sán á wá gbẹ ẹ́. N ò kà á sí nǹkan kan. Omi ṣáà ni.

Kó tó pé oṣù méjì, bọ́nẹ́ẹ̀tì ti di ẹtù. Àmì funfun róbótó róbótó, tótòtó, láti iwájú títí dé búùtù. Aṣọ ẹtù dára lọ́rùn àgbàlagbà o, àmọ́ ta ló ń wọ ẹtù fún mọ́tò? Mo fi ọṣẹ fọ̀ ọ́. Tí ara rẹ̀ bá ṣì tutù, ẹ ò ní rí àmì kankan, á máa dán gbinrin. Kó tó gbẹ tán, wọ́n ti yọjú padà. Mo gbé e lọ sọ́dọ̀ àwọn ọmọ tó ń fọ mọ́tò. Ọ̀kan nínú wọn mú kànrìnkàn onírin tí wọ́n fi ń fọ ìkòkò jáde. Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú.

Ìyàwó mi ló là mí lójú, òun gan-an ò sì mọ̀. Mo bá a lẹ́yìnkùlé, ó ń fọ kẹ́tùlù tá a fi ń se omi tíì. Inú rẹ̀ ti ní èèpá funfun, láti ìgbà tá a ti ń pọn omi bọ̀hóòlù yẹn. Ó fún ọsàn wẹ́wẹ́ sí i, ó da omi díẹ̀ lé e, èèpá náà bẹ̀rẹ̀ sí í hó wúyẹ́wúyẹ́, ó sì ń ṣí kúrò. Mo ní, kí nìyẹn? Ó ní, "Òkúta inú omi yín ni." Omi yín! Bí ẹni pé èmi nìkan ló gbẹ́ ẹ.

Àmọ́ òótọ́ ló sọ. Omi abẹ́ ilẹ̀ máa ń gba àárín òkúta kọjá, ó sì máa ń yọ́ àwọn èròjà inú òkúta, bíi kálísíọ́ọ̀mù àti magnesium, mọ́ra. Ẹ máa ń mọ irú omi bẹ́ẹ̀ tẹ́ ẹ bá ń fọṣọ: ọṣẹ kì í tètè hó nínú rẹ̀. Tí oòrùn bá fa omi náà gbẹ, òkúta ò lè bá a fò lọ, á jókòó sórí ọ̀dà. Ọṣẹ ń fọ ìdọ̀tí àti ọ̀rá, kì í fọ òkúta. Nǹkan kíkan ló ń tú u.

Mo ra fínígà funfun ní Mayfair, ní Ifẹ̀ níbí. Mo fi omi òjò là á, ìdajì sí ìdajì. Kùtùkùtù ni, lábẹ́ òjìji, bọ́nẹ́ẹ̀tì tutù lọ́wọ́. Mo kọ́kọ́ fọ eruku kúrò, kí iyanrìn má baà ha ọ̀dà. Mo dán fínígà náà wò ní igun kékeré kan tí ojú ò tó. Nígbà tí mo rí i pé kò sí ewu, mo rẹ tówẹ̀lì sínú rẹ̀, mo tẹ́ ẹ lé àwọn àmì náà fún bí ìṣẹ́jú méjì sí mẹ́ta, n ò jẹ́ kó gbẹ. Mo nù ún, mo da omi òjò ṣàn án, mo sì nù ún gbẹ. Ẹ̀yin èèyàn mi, dúdú mi padà! Àwọn tó ti pẹ́ jù nìkan ló kọ̀ tí wọn ò lọ. Ta ló mọ ohun tí wọ́n ń ṣe sí ìyẹn?

Ìyá Olùkọ́, Iléṣà:

Ẹ kú àlàyé o. Tèmi, gíláàsì iwájú ni. Lálẹ́ ọjọ́ kan, mò ń bọ̀ láti Ifẹ̀, mo ti kọjá Òṣú, iná ọkọ̀ tó ń bọ̀ níwájú tàn sí mi, gbogbo gíláàsì funfun báláú. Díẹ̀ ló kù kí n wọ inú igbó. Èmi ń bínú sí wáípà, mo pààrọ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ ò rí i pé ọwọ́ ara mi ni mo fi ń ṣe é? Omi kànga ni mò ń rọ sínú ike tí wáípà ti ń fa omi! Gbogbo ìgbà tí mo bá tẹ̀ ẹ́, òkúta ni mò ń fín sójú ara mi.

Fínígà mú púpọ̀ nínú rẹ̀ kúrò. Èyí tó kù kò gbọ́ ti kíkan rárá. Wọ́n ní silica ni, irú ohun tó wà nínú iyanrìn tí wọ́n fi ń ṣe gíláàsì fúnra rẹ̀. Pólíìṣì gíláàsì ni ẹni tó mọ iṣẹ́ fi yọ ọ́ fún mi. Omi bátìrì tí wọ́n ń tà nínú ike ni mò ń rọ síbẹ̀ báyìí, tí n kò bá ti rí omi òjò.

Awakọ̀ Mọdákẹ́kẹ́:

Màmá, ẹ ṣàlàyé "omi bátìrì" yẹn dáadáa, nítorí Ọlọ́run! Omi lásán tí wọ́n ti yọ òkúta inú rẹ̀ ni. Ásíìdì bátìrì yàtọ̀. Ẹnì kan ló gbà mí nímọ̀ràn, èmi náà gbọ́, mo la ásíìdì, mo fi nu orí mọ́tò. Àmì lọ lóòótọ́. Dídán náà bá a lọ, ara irin tó ń kọ mọ̀nà níwájú sì ṣú. Iye tí mo fi tún un kùn, n ò ní kọ ọ́ síbí, ìyàwó mi máa ń kà á.

Àbúrò yín tó ń fọ mọ́tò, Ifẹ̀:

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, ẹ máa ń ní àwa la bà á jẹ́. Lọ́sàn-án gangan lẹ máa ń gbé e wá, bọ́nẹ́ẹ̀tì gbóná bí agbada àkàrà, ẹ ó tún ní ká ṣe kíá. Omi á gbẹ kí n tó mú tówẹ̀lì! Ẹ gbé e wá láàárọ̀ tàbí nírọ̀lẹ́. Láti òkè ni mo ti ń bẹ̀rẹ̀, mo fọ apá kan, mo ṣàn án, mo sì nù ún kí n tó kan èkejì. Lásìkò ọyẹ́, ìrì òru àti eruku máa ń fi àmì tiwọn sílẹ̀, ìyẹn kì í le, ẹ má kàn fi àkísà gbígbẹ nù ún.

Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa fi pólíìṣì tó ń bo ọ̀dà pa á ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta. Kò ní kí omi má kán lé e, àmọ́ òkúta ò ní tètè rí ibi dì mú. Fínígà sì máa ń jẹ pólíìṣì náà, Ómò náà ń jẹ ẹ́. Ẹ̀gbọ́n Ìrèmọ, èyí tó kọ̀ yẹn, ẹ fi èékánná tọ́ ọ wò. Tó bá rí bíi kòtò, ó ti jẹ wọnú ọ̀dà nìyẹn, kíkan ò ní ràn án.

Ará Ìrèmọ, Ilé-Ifẹ̀:

Àbúrò, o ṣeun. Kòtò ni lóòótọ́. Apèǹtì kan fi pólíìṣì tó ń họ ọ̀dà díẹ̀díẹ̀ ṣe é, ó ku méjì lẹ́bàá wáípà. Ó ní kí n fi wọ́n sílẹ̀, torí tó bá họ ọ́ jù, ọ̀dà òkè á tán níbẹ̀. Mo gbà. Mo ti gbé mọ́tò kúrò lábẹ́ táǹkì, mo sì ti ra fúlóòtì tí yóò máa pa omi fúnra rẹ̀ tó bá kún. Fínígà ṣì kù nínú ìgò. Ìyàwó mi ti gbà á fún kẹ́tùlù rẹ̀, ó ní owó ọsàn ti wọ́n.