Ta ló lè fọwọ́ síwèé iṣẹ́ abẹ fún ọmọ tí mo ń tọ́?

Àǹtí Ṣàgámù: Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀yin ọmọ Rẹ́mọ. Ọmọ àbúrò mi, ọmọkùnrin ọdún 15, ló ń gbé lọ́dọ̀ mi. Dókítà ní ìpá rẹ̀ ti tó ohun tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ abẹ fún. Mo ti gba káàdì, wọ́n ti yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, ìgbà tó ku kí n fọwọ́ síwèé ni nọ́ọ̀sì ní, "Ṣé ẹ̀yin lẹ bí i?" Mo ní rárá. Ló bá gba bírò lọ́wọ́ mi. Ìyá ẹ̀ ń tajà ní Kútọ́nù, bàbá ẹ̀ ò yọjú mọ́. Ọmọ ní òun á fọwọ́ sí i fúnra òun, wọ́n kàn rẹ́rìn-ín. Kí ni kí n ṣe?

Ìyá Ìbejì: Ẹ gbé e lọ síbi tí wọn ò ti ní béèrè jàre.

Nọ́ọ̀sì Ìkẹ́nnẹ́: Ìyá Ìbejì, ibi tí wọn ò ti béèrè ẹni tó lọmọ, kí ni wọ́n tún máa gbójú fò? Àǹtí, nọ́ọ̀sì yẹn ò jẹ̀bi. Nínú Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti 2003, tí ìpínlẹ̀ Ògùn náà sọ di òfin ní 2006, ẹni tí ò bá tíì pé ọdún 18, ọmọdé ni. Òbí tàbí alágbàtọ́ ló ń fọwọ́ sí i. Alágbàtọ́ lẹ jẹ́, ìwé ẹ̀rí lẹ ò ní. Kí ìyá ẹ̀ kọ lẹ́tà, kó fi fọ́tò káàdì ìdánimọ̀ rẹ̀ mọ́ ọn. Kẹ́yin náà lọ búra ní kọ́ọ̀tù pé ẹ̀yin lẹ̀ ń tọ́ ọ. Ẹ wá bi dókítà bóyá èyí tó lójú wọn, torí ilé ìwòsàn kọ̀ọ̀kan ló létò tiẹ̀.

Àmọ́ ẹ gbọ́ o: tí ìpá yẹn bá le gbandi, tí ò padà wọlé mọ́, tọ́mọ ń bì, ẹ má dúró de lẹ́tà kankan. Ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀. Òfin Ìlera ti 2014 ò gbà kílé ìwòsàn lé aláìsàn pàjáwìrì padà.

Lọ́yà Àdúgbò: Òótọ́ ni. Òbí gan-an ò lágbára tán. Ní 1997, ìyá kan l'Ékòó ò jẹ́ kí wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ sọ́mọ ìkókó rẹ̀ lára nítorí ẹ̀sìn. Wọ́n gbàṣẹ ní kọ́ọ̀tù, wọ́n fà á. Ẹjọ́ náà dé Kọ́ọ̀tù Gíga Jù Lọ, ní 2019 ni wọ́n dá dókítà láre.

Àǹtí Ṣàgámù: Ẹ ṣé gan-an. Àbúrò mi ti ń kọ lẹ́tà. Ṣé kí n mú fọ́tò lọ sí kọ́ọ̀tù?

Lọ́yà Àdúgbò: Tiyín àti tọmọ, mà. Ẹ tètè lọ láàárọ̀, kérò tó pọ̀.