Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ etí odò Brooklyn: ibi tó parí sí rèé o

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Ohun tí mo bèèrè níbẹ̀rẹ̀ ni pé ṣé ìjọba ìlú New York á mú ìlérí Bushwick Inlet Park, páàkì etí odò ní Brooklyn, ṣẹ ni, àbí àwọn tó ń kọ́ ilé olówó ńlá ló máa gba etí East River tán. Ó dáa, ìjọba ra ilẹ̀ yẹn o!

2005 ni wọ́n ti ṣèlérí páàkì yìí fáwọn ará Greenpoint àti Williamsburg nígbà tí wọ́n fẹ́ kí ilé gogoro wọ àdúgbò, ilé ń yọrí, páàkì ò yọrí, owó ilẹ̀ sì ń lọ sókè. Ìgbà tó di Jánúárì 2015 ni ilé ńlá kan tí wọ́n ń kó fáìlì pa mọ́ sí jóná lórí ilẹ̀ tó yẹ kó di páàkì yẹn, bébà tó jó ku díẹ̀ fò kiri etí odò, àwọn míì ṣì ṣeé kà, orúkọ olórúkọ wà lára ẹ̀. Látìgbà yẹn àwọn ará àdúgbò ò dákẹ́ mọ́, wọ́n ń wọ́de, wọ́n ń lọ sípàdé, títí ìjọba fi gbà láti san mílíọ̀nù 160 dọ́là ra ilẹ̀ náà ní 2016, ilẹ̀ náà sì bọ́ sọ́wọ́ ìjọba ní 2017.

Ká ní wọ́n tètè rà á ni, owó yẹn ò ní tó bẹ́ẹ̀, ìyẹn ṣì ń dùn mí. Àmọ́ tí wọ́n bá ti kọ́lé síbẹ̀ tán, ta ló fẹ́ wó o fún aráàlú?

Ẹni tó bèèrè bóyá gbogbo páàkì náà ló ti ṣí: díẹ̀díẹ̀ ni, torí táǹkì epo wà lápá kan tẹ́lẹ̀, wọ́n ní láti fọ ilẹ̀ yẹn mọ́. Pápá bọ́ọ̀lù ti wà ńbẹ̀ tipẹ́.

Mo ti ọ̀rọ̀ yìí pa síbí, ẹ ṣeun gan-an.