Báwo la ṣe ń tọ́jú iṣẹ́ aṣẹ̀dá ijó òde òní kí ó lè ṣeé jó lẹ́yìn rẹ̀?

Ẹsẹ̀Òge

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin tí ẹ mọ tinú-tòde iṣẹ́ ijó. Mò ń béèrè nítorí ẹgbẹ́ ijó òde òní kan l'Ékòó tí olùdásílẹ̀ rẹ̀ ti lé ní ẹni ọdún 75. Ijó tí Bàbá dá sílẹ̀ tó 30. Ohun tó wà nílẹ̀ ni kásẹ́ẹ̀tì VHS bíi 40, MiniDV bíi 25, fọ́tò, ìwé ìpolówó eré, aṣọ eré nínú àpótí, àti àwọn oníjó àtijọ́ mẹ́fà tí a ṣì lè pè. Iyè Bàbá ṣì jí pépé, àmọ́ orúnkún ò jẹ́ kó lè fi ẹsẹ̀ hàn mọ́.

Mo ti kà nípa ètò tí wọ́n ṣe fún Merce Cunningham, aṣẹ̀dá ijó òde òní ará Amẹ́ríkà, ní New York. Owó wa ò tó ti wọn. Kí ni ká kọ́kọ́ mú? Ṣé tí a bá ti da kásẹ́ẹ̀tì sínú kọ̀ǹpútà, ó parí náà nìyẹn? Àti pé lọ́jọ́ tí Bàbá ò bá sí mọ́, ta ló ni ijó: ẹgbẹ́ ni àbí àwọn ọmọ?

AmòfinÀṣà

Ìbéèrè tí ẹ fi kásẹ̀ ọ̀rọ̀ nílẹ̀ ni kí ẹ mú ṣáájú, torí òun ló ń tú ẹgbẹ́ ká.

Ẹ wo ti Martha Graham, aṣẹ̀dá ijó òde òní ará Amẹ́ríkà. Nígbà tó kú lọ́dún 1991, ìwé ìhágún rẹ̀ fi ohun ìní rẹ̀ sílẹ̀ fún ọ̀rẹ́ rẹ̀, Ron Protas. Protas gbà pé gbogbo ijó ló ti di ti òun. Àjọ tí Graham fúnra rẹ̀ dá sílẹ̀ ò gbà. Ẹgbẹ́ oníjó náà dáwọ́ iṣẹ́ dúró lọ́dún 2000, ọ̀rọ̀ sì dé kóòtù. Ìdájọ́ ọdún 2002 yẹ ijó 70 wò ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Àjọ gba 45: Graham ti fa àwọn kan lé wọn lọ́wọ́, òṣìṣẹ́ agbowó-oṣù wọn ló sì jẹ́ nígbà tó dá àwọn yòókù. 10 ti di ti gbogbo ayé. Ẹyọ kan péré ni Protas rí gbà. Kóòtù kòtẹ́milọ́rùn fọwọ́ sí èyí tó pọ̀ jù nínú ìdájọ́ náà lọ́dún 2004. Ọwọ́ Graham ló dá gbogbo wọn, síbẹ̀ kò lè fi ohun tí kò sí níkàáwọ́ rẹ̀ mọ́ jogún fún ẹnikẹ́ni.

Ní ti Nàìjíríà, òfin ka ijó tí a dá mọ́ iṣẹ́ tó ní ààbò, ààbò náà sì ń bá a lọ fún 70 ọdún lẹ́yìn ikú ẹni tó dá a. Àmọ́ ijó tí kò sí lórí fídíò tàbí nínú ìwé, òfin ò rí ibi dì í mú. Tí Bàbá bá sì fẹ́ fa ẹ̀tọ́ náà lé ẹlòmíràn lọ́wọ́, orí ìwé ló gbọ́dọ̀ wà. Ìlérí níwájú ẹgbẹ́ kò tó.

Ẹ la tábìlì kan, ijó kan ní ìlà kan: orúkọ ijó, ọdún àti ibi tí wọ́n ti kọ́kọ́ jó o, ẹni tó sanwó iṣẹ́, ẹni tó ṣe orin, ẹni tó rán aṣọ, ẹni tó to iná, àwọn tó jó o. Ibi tí ẹlòmíràn bá ti lọ́wọ́ sí i, olúwarẹ̀ ní ẹ̀tọ́ tirẹ̀, pàápàá olórin. Tí wọ́n bá ti kú, àwọn ọmọ wọn ni ẹ máa lọ bá. Lẹ́yìn náà ni kí Bàbá pinnu ẹni tó ń gbé ẹ̀tọ́ fún. Cunningham ti dá àjọ alágbàtọ́ sílẹ̀ fún iṣẹ́ rẹ̀ láti ọdún 2000, ọdún mẹ́sàn-án kó tó kú. Ẹ lè fi orúkọ irú àjọ bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ ní CAC, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń forúkọ ilé-iṣẹ́ àti àjọ sílẹ̀. Kí àwọn ọmọ Bàbá wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tó bá ń buwọ́ lùwé.

Ìránṣẹ́Ìtàgé

Òótọ́ ni AmòfinÀṣà sọ. Ẹ jẹ́ kí n mú apá ti ijó fúnra rẹ̀.

Oṣù Kẹfà ọdún 2009 ni wọ́n kéde ètò Cunningham. Ọjọ́ 26 oṣù Keje ọdún kan náà ló kú. Ẹgbẹ́ rẹ̀ fi bí ọdún méjì káàkiri ayé, wọ́n jó èyí tó kẹ́yìn ní Park Avenue Armory ní ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá ọdún 2011, wọ́n sì tú ká. Inú ètò náà ni owó tí àwọn oníjó àti òṣìṣẹ́ máa fi bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ mìíràn ti jáde. Ilé ìkàwé ìjọba New York gba ìwé, Walker Art Center ní Minneapolis gba aṣọ àti ohun ọ̀ṣọ́ ìtàgé. Ijó tí wọ́n sì ṣètò lọ́kọ̀ọ̀kan lé ní 80. Wọ́n pe àkójọ kọ̀ọ̀kan ní Dance Capsule: fídíò, orin, àwòrán bí iná ṣe tò, àwòrán aṣọ àti ìtàgé, àti àkọsílẹ̀ iṣẹ́. Ẹgbẹ́ tó bá fẹ́ jó o máa gba àkójọ yìí, wọ́n á sì tún rán ẹni tó ti jó o rí sí wọn. Ẹ má fojú fo ẹni tí wọ́n ń rán yẹn. Àkójọ nìkan kò kọ́ ẹnikẹ́ni ní ijó rí.

Ìdí nìyí tí kásẹ́ẹ̀tì nìkan kò fi tó. Ijó alẹ́ ọjọ́ kan péré ló wà nínú fídíò kan. Tí oníjó bá ṣìsẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà, ìṣìsẹ̀ yẹn ni àwọn ọmọ tuntun máa kọ́, wọ́n á sì rò pé bí Bàbá ṣe fẹ́ ẹ nìyẹn. Tí ayàwòrán bá sún mọ́ ojú oníjó kan, ẹsẹ̀ àwọn márùn-ún yòókù ti sọnù.

Bí ó ṣe yẹ kí ẹ ṣe é: mú ijó mẹ́ta tàbí mẹ́rin tí Bàbá fúnra rẹ̀ yàn. Pe àwọn oníjó àtijọ́, kí wọ́n jó ohun tí ara wọn rántí KÍ WỌ́N TÓ wo fídíò kankan. Tí wọ́n bá ti wò ó, fídíò ni wọ́n á máa sín jẹ, ohun tí ara wọn mọ̀ á sì pòórá. Níbi tí ẹnu wọn ò bá ti kò, ẹ gba méjèèjì sílẹ̀, kí Bàbá sọ èyí tó fẹ́, kó sì sọ ìdí rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ tan fídíò àtijọ́, kí ẹ máa dá a dúró ní ìṣẹ́jú àáyá 20 sí 30, kí maikirofóònù wà ní àyà Bàbá. Ẹ bi í pé: ibo ni ìwúwo ara wà? Ibo lára ni ìrìn yìí ti bẹ̀rẹ̀? Ọ̀rọ̀ wo lẹ sọ fún oníjó tó fi ṣe é báyìí? Kí ló lè yí padà, kí ni kò gbọdọ̀ yí? Ìbéèrè tó gbẹ̀yìn yìí ló níye lórí jù lọ.

Fún fídíò tuntun: kámẹ́rà kan dúró gbọn-in láàárín, kó ga tó mítà méjì sí mẹ́ta, kí ó rí gbogbo ilẹ̀ ìtàgé láti ìgun dé ìgun. Èkejì wà lẹ́yìn àwọn oníjó, kí akẹ́kọ̀ọ́ má bàa máa yí ọ̀tún sí òsì nínú ọpọlọ rẹ̀. Ẹ lẹ téèpù mọ́ etí iwájú ìtàgé ní mítà kan sí mítà kan, kí 0 wà láàárín. Ẹni tó bá ń wò ó lẹ́yìn ọ̀la á lè sọ pé ibi 3 lápá ọ̀tún ni oníjó dúró sí.

Agbàwòrán

Ẹ dákun, n kò fara mọ́ fífi kásẹ́ẹ̀tì sí ìkẹyìn. Bàbá ṣì ń sọ̀rọ̀, àmọ́ VHS ń kú lọ nínú ooru àti ọ̀rinrin Èkó. Ẹ jẹ́ kí méjèèjì máa lọ pọ̀.

MiniDV ló rọrùn jù: ẹ fà á wọlé pẹ̀lú okùn FireWire, kí fáìlì DV wà bó ṣe wà, bíi 13 GB fún wákàtí kan. VHS gba rẹ́kọ́dà tó mọ́ àti ẹ̀rọ tó ń mú àwòrán dúró ṣinṣin, tí wọ́n ń pè ní TBC. Láìsí i, àwòrán á máa gbọ̀n, ohùn àti ẹsẹ̀ ò sì ní bára mu. Ẹ fi í pamọ́ gẹ́gẹ́ bíi FFV1 nínú MKV (irú fáìlì tí kì í yọ nǹkan kan kúrò nínú àwòrán), bíi 30 sí 45 GB fún wákàtí kan. MP4 kékeré wà fún wíwò lásán. Tí ẹ bá rí funfun bí eérú létí téèpù, ẹ má tì í bọ ẹ̀rọ o: èbu ni, ó máa ba orí ẹ̀rọ jẹ́, á sì ran kásẹ́ẹ̀tì tó bá tẹ̀ lé e. Ẹ yà á sọ́tọ̀ síbi gbígbẹ, kí ẹ wá ẹni tó mọ̀ nípa rẹ̀.

Ẹ̀dà mẹ́ta, lórí irú ohun ìpamọ́ méjì, kí ọ̀kan wà ní ìlú mìíràn. YouTube kì í ṣe ibi ìpamọ́. Fóònù náà ń yí iye àwòrán ìṣẹ́jú àáyá kan padà fúnra rẹ̀, ìlù á sì máa sá fún ẹsẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ẹ lo kámẹ́rà tó dúró lórí 25 tàbí 50, torí iná wa jẹ́ 50 Hz.

Ìyáàlù

Ẹ̀yin ará, ẹ ti gbàgbé ìlù. Ní ti Cunningham, ijó àti orin dá dúró, aago ìdíwọ̀n ni wọ́n fi ń mọ àkókò. Ti tiwa kò rí bẹ́ẹ̀. Tí Bàbá bá lo bàtá tàbí dùndún, ọ̀pọ̀ oníjó kì í ka oókan, eéjì. Ohun tí ìyáàlù bá sọ ni wọ́n ń dúró dè kí wọ́n tó yí. Ẹ gba ìlù kọ̀ọ̀kan sílẹ̀ lọ́tọ̀, ìyáàlù, omele abo, omele ako, lẹ́yìn náà kí ẹ gba gbogbo wọn pọ̀. Ẹ kọ ọ̀rọ̀ tí ìyáàlù ń sọ sílẹ̀ pẹ̀lú àmì ohùn. Kí onílù hàn nínú fídíò, torí ojú ni òun àti oníjó fi ń bára wọn sọ̀rọ̀.

Ẹsẹ̀Òge

Ẹ ṣeun gan-an ni. Ṣé ká wá ẹni tó máa fi àmì Laban, àmì tí wọ́n fi ń kọ ìrìn ara sórí ìwé, kọ ọ́ sílẹ̀? Aṣọ náà ńkọ́?

Ìránṣẹ́Ìtàgé

Àmì Laban dára. Ìsàlẹ̀ ni a ti ń kà á lọ sókè, gígùn àmì ló sì ń sọ bí ìrìn ṣe pẹ́ tó. Àmọ́ ó ń gba àkókò àti owó, àwọn tó lè kà á ò sì pọ̀ lọ́dọ̀ wa. Tí owó bá wà, ẹ kọ ijó kan ṣoṣo. Tí kò bá sí, ẹ ná an sórí ìjókòó Bàbá pẹ̀lú àwọn oníjó.

Ẹ wọn aṣọ, ẹ ya àpẹẹrẹ rẹ̀ sórí bébà, ẹ gé aṣọ kékeré mọ́ ọn, kí ẹ sì kọ bí wọ́n ṣe pa á láró. Ẹ kó o kúrò nínú àpótí irin tó ń dípẹtà. Ẹ má sì kó o sí ìsàlẹ̀ ilé: nígbà tí ìjì Sandy jà ní oṣù Kẹwàá ọdún 2012, omi wọ ìsàlẹ̀ ilé Westbeth ní New York, ó sì ba aṣọ àti ohun èlò ìtàgé ẹgbẹ́ Graham jẹ́.

Ohun kan kù. Nígbà tí Bàbá ṣì wà, ẹ fi ijó kan kọ́ àwọn tí kò mọ̀ ọ́n rí. Ijó tí Pina Bausch, aṣẹ̀dá ijó ará Jámánì, dá lọ́dún 1975 sórí orin Stravinsky lọ bẹ́ẹ̀ sí École des Sables ní Senegal, ilé ẹ̀kọ́ Germaine Acogny, ọmọ bíbí Benin: àwọn oníjó láti oríṣiríṣi orílẹ̀-èdè Áfíríkà ló kọ́ ọ lọ́dọ̀ àwọn tó ti jó o rí. Ẹ fún àwọn ọmọ náà ní àkójọ yín àti oníjó àtijọ́ kan fún ọ̀sẹ̀ méjì, kí Bàbá má tíì dá sí i. Kí ẹnì kan máa kọ gbogbo ìbéèrè tí àkójọ ò lè dáhùn sílẹ̀. Ọ̀sẹ̀ kẹta ni kí Bàbá wọlé, kí ẹ ka ìwé náà sí i létí níkọ̀ọ̀kan, kí kámẹ́rà sì wà ní títàn.