Ẹ gbà mí ní ìmọ̀ràn: àwọn dókítà tí mò ń kọ́ ní ìmúnólójì ti kẹ̀yìn sí ẹ̀kọ́ náà

Olùkọ́ Àjàṣẹ́
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ọ̀rọ̀ yìí ti sú mi. Àwọn dókítà tó ń kọ́ iṣẹ́ ìwádìí ni mò ń kọ́ ní ìmúnólójì, ẹ̀kọ́ bí ara ṣe ń gbógun ti àrùn, níbí ní Àjàṣẹ́. Wọ́n ń pẹ́ dé, fóònù kì í kúrò lọ́wọ́ wọn, yàrá gbóná, ẹ̀rọ tó ń gbé àwòrán sára ògiri ń kú lójijì. Ọ̀kan sọ lójú mi pé ohun tí mò ń kọ́ àwọn kò wo aláìsàn kankan sàn! Mo sì ti to gbogbo interleukin, àwọn pùrótéènì tí sẹ́ẹ̀lì ara fi ń ránṣẹ́ síra wọn, fún wọn láti 1 dé 17. Mo wá ní kí a ṣe iṣẹ́ ọwọ́, a ṣe QuantiFERON, ìdánwò ẹ̀jẹ̀ tí a fi ń wá ikọ́ ẹ̀gbẹ, «indéterminé», ìyẹn èsì tí kò sọ bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́, ló jáde fún gbogbo wọn. Wọ́n fi mí rẹ́rìn-ín. Báwo ni mo ṣe máa mú wọn ka ẹ̀kọ́ yìí sí?

Dókítà Kétu
Ẹ pẹ̀lẹ́, ọ̀gá. Ẹ fi interleukin sílẹ̀ ná. Mantoux, ìdánwò ikọ́ ẹ̀gbẹ tí a ń ṣe sára awọ, ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀, torí wọ́n mọ̀ ọ́n: 0.1 mL tuberculin, ìyẹn pùrótéènì kòkòrò ikọ́ náà, sínú awọ apá, kí a kà á láàárín wákàtí 48 sí 72. Ẹ bi wọ́n pé kí ló dé tí kò fi wú lójú ẹsẹ̀ bíi ti ẹni tí oyin ta. Sẹ́ẹ̀lì T, ọmọ ogun ara tó rántí kòkòrò náà, ní láti rìn débẹ̀, kó tú interferon gamma tó fi ń pe àwọn yòókù jáde, kí macrophage, sẹ́ẹ̀lì tó ń gbé kòkòrò mì, tó kó jọ. Ìkójọ yẹn ló ń mú awọ le, ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé líle là ń wọ̀n, a kì í wọn pípọ́n.

Àgbà Olùwádìí
Mi ò fara mọ́ ọn. Ẹni tó fẹ́ ṣe ìwádìí gbọ́dọ̀ mọ ìpìlẹ̀. Bí kò bá mọ ohun tí interleukin 2 ń ṣe fún sẹ́ẹ̀lì T, báwo ló ṣe máa yan ohun tó máa wọ̀n?

Dókítà Kétu
Mi ò ní kí wọ́n má mọ̀ ọ́n, ọ̀gá àgbà. Ìgbà tí ìbéèrè bá béèrè fún un ni kí ẹ dárúkọ rẹ̀.

Ọmọ Ṣábẹ̀
Mantoux náà ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Kí ẹ fi BCG, abẹ́rẹ́ àjẹsára ikọ́ ẹ̀gbẹ, kún un: tuberculin inú Mantoux pín àwọn pùrótéènì kan pẹ̀lú BCG, nítorí náà awọ ẹni tó gba abẹ́rẹ́ náà lè wú. ESAT-6 àti CFP-10, àwọn pùrótéènì kòkòrò ikọ́ tó wà nínú QuantiFERON, kò sí nínú BCG. Dókítà tó bá gbọ́ èyí á mọ ìdí tí a fi ń yan antigen, ohun tí sẹ́ẹ̀lì T ń dá mọ̀.

Ìyá Láàbù
Ẹ̀ ń jiyàn lórí Mantoux, ọ̀gá kò tíì sọ ohun tó ṣe é mú dání. Interferon gamma inú nil, túùbù tí kò ní ohun tó ń ru sẹ́ẹ̀lì sókè, jẹ́ mélòó? Ti mitogen, túùbù tó ń ru sẹ́ẹ̀lì T ẹnikẹ́ni sókè, jẹ́ mélòó? Ìgbà wo lẹ fa ẹ̀jẹ̀, ìgbà wo ló wọ ẹ̀rọ 37°C?

Olùkọ́ Àjàṣẹ́
Nil 0.08, mitogen 0.31, àwọn yòókù ò jìnnà sí i. Ẹ̀jẹ̀ kò lè bàjẹ́ lọ́wọ́ mi. Aago mẹ́ta ọ̀sán Ẹtì la fà á tààrà sínú túùbù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, mo kó o sínú frigo, ó wọ 37°C ní aago mẹ́sàn-án àárọ̀ Sátidé. Àwọn dókítà náà la fà á lára, ara wọn sì le koko.

Ìyá Láàbù
Háà! Ibẹ̀ ló ti ṣẹlẹ̀, ọ̀gá. 0.31 yọ 0.08 ku 0.23, kò dé 0.5, èyí ló sọ ọ́ di «indéterminé». Sẹ́ẹ̀lì T gbọ́dọ̀ wà láàyè kó tó lè dá mitogen lóhùn. Ẹ ti fi òtútù mú un, ẹ sì kọjá wákàtí 16 tí a fún yín kó tó wọ 37°C. 1 mL nínú túùbù kọ̀ọ̀kan, kí ẹ mì ín ní ìgbà 10 kí ẹ̀jẹ̀ kan gbogbo ara inú rẹ̀. Bí ẹ bá mì ín jù, gel inú túùbù á fọ́, èsì á dàrú. Kí ó wà lójú afẹ́fẹ́ yàrá tí kò gbóná jù, lẹ́yìn náà 37°C fún wákàtí 16 sí 24. Ìgbà tó bá jáde níbẹ̀ ni frigo tó lè gbà á, títí di ọjọ́ mẹ́ta kí ẹ tó fi ẹ̀rọ yí i láti ya omi ara ẹ̀jẹ̀ sọ́tọ̀. Ẹ̀jẹ̀ tí a fà sínú túùbù lithium heparin lásán, oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, ní òfin tirẹ̀, ẹ má pa méjèèjì pọ̀.

Dókítà Kétu
Ọ̀gá, èsì yìí gan-an ni ẹ̀kọ́! Ẹ gbé e síwájú wọn, ẹ má sọ ìdí rẹ̀. Bí mitogen ẹnì kan ṣoṣo bá kùnà, aláìsàn ni kí wọ́n wò, bóyá HIV ti jẹ CD4, irú sẹ́ẹ̀lì T kan, rẹ̀ tán. Bó bá jẹ́ gbogbo ẹ̀jẹ̀ ló kùnà, ọwọ́ tó tọ́jú wọn ni. Ìrònú olùwádìí nìyẹn.

Ọmọ Ṣábẹ̀
Ẹ dúró ná. Ẹ̀jẹ̀ àwọn dókítà fúnra wọn? Ṣé wọ́n fọwọ́ síwèé? Orúkọ wo ló wà lára túùbù?

Olùkọ́ Àjàṣẹ́
Wọ́n gbà lẹ́nu. Orúkọ wọn ni mo kọ, kí èsì má baà dàrú. Àgbà ni wọ́n, kò sẹ́ni tí mo fipá mú.

Ọmọ Ṣábẹ̀
Olùkọ́ tó máa fún wọn ní máàkì ló béèrè, ọ̀gá. Ta ló máa kọ̀? Bí TB1, ọ̀kan nínú túùbù tó ní antigen ikọ́, ẹnì kan bá dé 0.35 lẹ́yìn tí a yọ nil, gbogbo ẹgbẹ́ á mọ̀, wọ́n á sì máa sá fún un, bẹ́ẹ̀ èsì yẹn kò sọ pé ikọ́ ń bá a jà. Nọ́ńbà ni kí ẹ fi rọ́pò orúkọ. Kí ẹlòmíràn tí kì í fún wọn ní máàkì gba ìfọwọ́síwèé, kí ẹni tí èsì bá kàn sì rí dókítà tó máa ṣàlàyé fún un ní kọ̀rọ̀.

Olùkọ́ Àjàṣẹ́
Ti nọ́ńbà, ó yé mi. Ṣùgbọ́n iná ń lọ lóru níbí, 37°C á bọ́ sílẹ̀. Kí ni mo máa ṣe sí i?

Ìyá Láàbù
Ẹ fa ẹ̀jẹ̀ ní aago mẹ́jọ àárọ̀, kó wọ ẹ̀rọ ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, kó jáde ní aago mẹ́wàá àárọ̀ ọjọ́ kejì. Ẹ fi tẹmómítà tó ń kọ ìwọ̀n sílẹ̀ sínú rẹ̀. Ẹ so ẹ̀rọ náà mọ́ bátìrì kí ẹ tó fa ẹ̀jẹ̀ ẹnikẹ́ni.