Kí ni ká fi máa to áàpù, kí ará ìlú lè rí èyí tó wúlò fún wọn?

Ọmọ Oòduà, Ilé-Ifẹ̀:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà àti ẹgbẹ́ mi. Èmi àti ọ̀rẹ́ mi kan ń ṣètò ojú òpó kan tí àwọn ará Ifẹ̀ yóò ti máa rí áàpù àti iṣẹ́ tó wà nítòsí wọn: aránṣọ, mẹkáníìkì, àwọn tó ń gbé oúnjẹ wá sílé, àwọn tó ń báni san owó iná. Ọ̀nà tí a óò gbà tò wọ́n ló ń dà wá láàmú. Bí a bá fi iye èèyàn tó ti gbé áàpù sórí fóònù ṣe òṣùwọ̀n, àwọn olókìkí ni yóò máa wà lókè títí, aránṣọ Mọ̀dákẹ́kẹ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé kò sì ní rí ẹni tó máa rí i. Kí lẹ rí sí i?

Ọmọ Ọbòkun, Iléṣà:
Àbúrò, ìṣòro yìí kì í ṣe tuntun. Nígbà tí ilé-iṣẹ́ Apple tó ń ṣe fóònù iPhone ṣí App Store, ọjà áàpù wọn, ní oṣù Keje ọdún 2008, nǹkan bí 500 áàpù ló wà níbẹ̀, èèyàn sì lè wò wọ́n tán. Lónìí, wọ́n ti lé ní mílíọ̀nù kan, ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé ẹni tó ń to àtẹ ló fẹ́rẹ̀ẹ́ máa pinnu ẹni tí yóò tà. Ẹni tó wà lókè ni wọ́n ń rí, òun ni wọ́n ń gbà, á sì tún ròkè sí i. Ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n gbà á tán ni kí ẹ máa kà: ṣé ẹni náà tún ṣí i lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, àbí ó ti yọ ọ́ kúrò kí ilẹ̀ tó ṣú? Ẹ tún ya àyè sọ́tọ̀ lójú ewé àkọ́kọ́ fún àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, torí ẹ̀rọ tó ń dábàá nǹkan fúnni, ipasẹ̀ àwọn tó ti lo nǹkan náà ló ń tọ̀, ohun tí ẹnikẹ́ni kò tíì lò kò sì ní ipasẹ̀.

Ìyá Onífóònù, Sábó, Ilé-Ifẹ̀:
Ẹ̀yin ọmọ mi, àwọn oníbàárà tèmi kì í wo àtẹ kankan. Wọ́n á na fóònù sí mi pé, “Ìyá, ẹ bá mi gbé èyí tí wọ́n fi ń fowó ránṣẹ́ sí i.” Ìbéèrè tó tẹ̀ lé e ni iye dátà tí yóò jẹ. Aláta kan gbé tirẹ̀ wá, fídíò òkú ṣíṣe ti kún inú rẹ̀ dẹ́nu. A ní láti pa díẹ̀ rẹ́ kí áàpù tó ráyè wọlé. Ẹ kọ iye MB, ìyẹn bí áàpù náà ṣe tóbi tó, gàdàgbà sẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ. Ẹ má sì gbàgbé àwọn onífóònù onítọ́ọ̀ṣì: bí iṣẹ́ kan bá ní nọ́ńbà títẹ̀ bíi *310# tí a fi ń wo iye káàdì tó kù, ẹ kọ ọ́ síbẹ̀, kò nílò dátà.

Ọmọ Oòduà:
Ẹ ṣeun gan-an, mà. Àwọn kan ti ṣetán láti sanwó kí a lè gbé wọn sókè. Ṣé ká gbà á?

Ọmọ Ọbòkun:
Ẹ gbà á, owó kọ́ ni ẹ̀ṣẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ kọ “Ìpolówó” sí i gbangba, kí ẹ má sì jẹ́ kó wọ àárín èsì ìwákiri. Ìwákiri yẹn gan-an ni kí ẹ fara balẹ̀ ṣe: ẹni tó tẹ “aranso” láìfi àmì sí i àti ẹni tó tẹ “télọ̀” gbọ́dọ̀ bá ara wọn lójú ewé kan náà.